Ọkọ̀ Tí Kì Í Kú Lójú Mẹkáníìkì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bàbá mi kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo rò pé èmi ni mo ṣe ohun tí kò yẹ. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo ọwọ́ mi, mo wo jíà. Kò sí nǹkan kan tí mo ṣe. A ti fi Kubwa sílẹ̀ lẹ́yìn, a wà lórí títì márosẹ̀, a ń sún mọ́ Gwarinpa. Ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Ó gbọ̀n. Ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo iná pupa tó wà níwájú mi tàn lẹ́ẹ̀kan náà, inú ọkọ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́ débi pé mò ń gbọ́ ìró bisikíìtì lẹ́nu Káyọ̀dé lẹ́yìn. Mo rọra darí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń kọjá fìì, fìì, atẹ́gùn wọn sì ń mi tiwa bí ìgbà tí èèyàn ń mi ọmọ tó sùn kó lè jí.

"Àǹtí Níkẹ́," Jemimah ní, "ó ti kú?"

"Kò kú. Ó ń sinmi."

"Ṣé ó máa jí?"

Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò dìde.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Jemimah. Òun, Tèmídayọ̀ àti Káyọ̀dé àbúrò Tèmídayọ̀ ni mo máa ń gbé láti Kubwa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Durumi láràárọ̀, tí mo sì máa ń lọ kó padà ní aago méjì ọ̀sán. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Kí n tó rí i, ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé tí mò ń retí lẹ́tà láti ọ́fíìsì tí kò rántí mi. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ìjọba, ojú wọn kò gbé títì márosẹ̀ mọ́, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún mi. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ: ọdún 1989 ni wọ́n ṣe é. Màmá Jemimah, Ìyáàfin Ẹfúnróyè, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ lé mi lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n sọ fún màmá Tèmídayọ̀ pé, "Ọmọ Bàbá Abíọ́nà ni, ọmọ gidi ni."

Ọdún 2016 ni, epo wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń tà á nínú kẹ́ẹ̀gì kún ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀kan nínú wọn rí wa, ó sáré wá.

"Sannu," ó kí wa. "Epo yín ti tán."

Géèjì ní ó kù dáadáa, ṣùgbọ́n géèjì náà ti darúgbó, mi ò lè fọkàn tán an. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ìdérí táńkì. Ó da epo sí i. Mo ṣáná, ọkọ̀ dìde.

"Yauwa!" ló wí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló bí i.

Mo gbà pé epo ló tán. Lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú táńkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó tún kú, níbì kan náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún kú. Nígbà méjèèjì, oníkẹ́ẹ̀gì ló da epo díẹ̀ sí i kí ó tó dìde.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Jemimah pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí wọ́n ń to àga sí.

"Níkẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ẹ má bínú, mà."

"Inú ò bí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣé o mọ bí tírélà ṣe ń sáré lójú títì yẹn? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní."

"Mo mọ̀, mà."

"Láti ọ̀la títí di Ọjọ́bọ̀, àwa á máa wọ bọ́ọ̀sì. Lọ tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi máa jókòó sínú ẹ̀ láti Kubwa dé Durumi. Tó bá kú mọ́ wa lọ́nà, ó parí nìyẹn. Màá wá ẹlòmíràn, màmá Tèmídayọ̀ náà á sì tẹ̀ lé mi. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Má wò mí báyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ."

Ìyẹn gan-an ló dà mí lọ́kàn rú. Bí wọ́n bá ní inú ń bí àwọn, ǹ bá mọ ibi tí mo dúró sí.

Titus ni mẹkáníìkì wa, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan ní Kubwa. Mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ bá a lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, kó kàn yẹ̀ ẹ́ wò, bí mo tilẹ̀ gbà pé epo ló tán. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí i bí dókítà, ó ní, "Ó ń mísì, kì í jó epo dáadáa." Ó yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, ó fi hàn mí. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi.

"Màdáámù, epo dà? Ẹ lọ ra lítà márùn-ún wá ká fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀."

"Bùọ̀dá Titus, epo wà nínú ẹ̀."

"Èwo ni ti inú ẹ̀? Epo tí mi ò fojú mi rí, mi ò fi ń tẹ́ẹ̀sì iṣẹ́ mi."

Bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá ló ń ra epo tí wọ́n máa fi dán iṣẹ́ wò. Mo rà á, ó dà á sínú táńkì, ó sì gbé mi yí Kubwa ká. Ọkọ̀ náà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ? Bí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun!"

Lẹ́yìn ìgbà kejì, ó fọ kàbúrétọ̀. Ó ní kí n ra epo wá. Ọkọ̀ náà sáré bí ẹṣin. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Ó tún ní kí n ra epo wá. Kò sí ìgbà kan tí ọkọ̀ yẹn kú lójú Titus. Nígbà tí mo padà lọ bá a láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó tẹjú mọ́ mi títí.

"Màdáámù, ẹ má bínú o. Lọ́wọ́ mi kì í kú. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń pa á? Àwọn obìnrin kan, ẹsẹ̀ wọn wúwo."

"Ẹsẹ̀ mi?"

"Mi ò dárúkọ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni."

Ó yẹ kí n bínú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ máa ń gba ohun gbogbo gbọ́. Mo bọ́ bàtà mi, mo sì fi ẹsẹ̀ lásán wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Abdulqudus, ọmọ Ìlọrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, rìwáyà ni wọ́n ń pè wọ́n. Gbogbo èèyàn ní Kubwa ló ń pè é ní Alfa, nítorí pé ó máa ń ki ìwàásù bọ àárín ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

"Ta ló sọ fún ẹ pé epo ni?" Alfa ní. "Iná ni. Iná ni ẹ̀mí ọkọ̀. Mẹkáníìkì ò mọ̀ ju kó máa tú nǹkan lọ."

Ó pààrọ̀ kọ́ìlì, ó tún okùn iná mélòó kan so. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́.

"Epo dà, àbúrò mi?"

Mo rà á. Ó dà á. Ọkọ̀ náà lọ bí ìgbà tí èèyàn ń da òróró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí, mo kọrin wọlé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí n dán an wò fúnra mi. Ó kú sí Gwarinpa.

Obìnrin kan tó ń gbé yàrá kejì sí wa, Àìná, gbọ́ ẹjọ́ náà nígbà tí mò ń pọn omi. Ó gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀.

"Ibì kan náà ló máa ń kú sí?"

"Ibì kan náà."

"Níkẹ́, kì í ṣe ọkọ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Ẹ̀ ń wá mẹkáníìkì!"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa. Nínú orí mi, ọwọ́ kan ń yọ láti abẹ́ ọ̀dà títì, ó ń di táyà wa mú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́rú, mo ní kí n fi ọgbọ́n dán an wò. Dípò kí n kọrí sí ìlú, mo yí ọkọ̀ sí apá Zuba. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Gwarinpa ni, kò ní rí mi.

Mo wo aago nígbà tí mo kúrò nílé. Ó pé ogún ìṣẹ́jú géérégé, ọkọ̀ náà wúkọ́, ó gbọ̀n, ó kú.

Mo jókòó sínú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n pàtẹ́wọ́. Láti ilé wa dé Gwarinpa, bó ṣe máa ń rí nìyẹn náà, ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ibi ni, àkókò ni. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú ọkọ̀ tó ń ka àkókò? Mo ṣẹ́ ẹ̀ka igi, mo fi sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí mi, mo sì dúró sábẹ́ oòrùn tí mò ń ronú. Ó tó wákàtí kan kí n tó tún dán an wò. Ó dìde. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, mi ò ra epo, kò sí mẹkáníìkì, kò sí àdúrà. Ìyẹn ló wá dẹ́rù bà mí jù. Àìsàn tó ń wo ara rẹ̀ sàn, báwo lèèyàn ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ bá Abdulqudus lówùúrọ̀ kùtù.

"Alfa, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún nǹkan kan ṣe. Ẹ kàn wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí tó fi máa kú."

"Lá ìláhà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀la ni Màmá Jemimah máa wọ̀ ọ́."

Ó wo ojú mi, ó sì rí i pé mi ò ṣeré. Ó wọlé. "Epo dà?"

"A ò ra epo. Ó máa lọ bó ṣe wà."

"Èmi ò ní fẹsẹ̀ rìn padà sí Kubwa nítorí ẹkún obìnrin." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan tó jẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. "Ó yá. Bisimilahi."

Ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ kan tí òun jí dìde ní Ìlọrin nígbà tí tiwa wúkọ́. Ó gbé ojú sókè bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó kú. Láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó kú lójú ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀. Inú mi dùn débi pé ojú tì mí.

Alfa bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yọ okùn púlọ́ọ̀gì kan, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Iná bùlúù ta pàrà.

"Iná wà!" ló kígbe. "Mo ti ní iná mi ò ní wàhálà!" Kò rántí pé òun fúnra rẹ̀ ló ní iná ni. Ó yọ rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kàbúrétọ̀. "Tún yí i."

Mo yí i. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Kò tilẹ̀ kán.

"Epo ò wá. Pọ́ǹpù tí Titus fi sí i ti kú, àbí epo ti tán. Géèjì yín, òpùrọ́ ni. Lọ da epo yẹn sí i."

Ó dá rọ́bà padà, ó wá jókòó síbi tí mo ti dìde. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ sẹ́yìn, mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ìdérí táńkì. Ó le. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí i, mo fà á. Ó kọ̀, bí ìgbà tí nǹkan kan ń fà á mọ́ra láti inú. Lójijì ló já, táńkì sì mí sínú: *fììììììì!* Mo fò sẹ́yìn. Mo rò pé ejò ni. Ó pẹ́ kí ó tó dákẹ́, bí ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ tó ń fa omi.

Níwájú, Alfa ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Ó yí i, ó yí i. Ẹ́ńjìnnì gbà.

"Yauwa!" ó fi orí yọ lójú fèrèsé. "Ṣé o rí i? Mo ní epo ló ń fẹ́!"

"Alfa, mi ò tíì dà á."

"O ò tíì da kí ni?"

"Epo. Kẹ́ẹ̀gì rèé."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, ó gbé e wò, ó mì í, ó wo ẹnu rẹ̀ tí ọ̀rá tí òun fi dì í ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí bí ẹni tó jí nǹkan.

"Kai! Kí lo wá ṣe?"

"Mo ṣí ìdérí."

"Ìdérí nìkan?"

"Ìdérí nìkan."

Ó gba ìdérí náà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́bà tíúbù táyà tẹ́, wọ́n gé e róbótó, ó mọ́ níwọ̀n. Ó ṣí i. Ihò kékeré kan wà nínú ìdérí náà, àbẹ́là tó yọ́ ló sì dí i pa. Alfa mí kanlẹ̀.

"Àbúrò mi, o ti fi ẹnu di ẹnu ìgò ike pátápátá rí, kí o máa fa omi inú ẹ̀?"

"Mo ti ṣe é rí."

"Tó bá yá, ńkọ́?"

"Kò ní wá mọ́. Ìgò á máa rún."

"Ó tán. Bí epo ṣe ń jáde ni atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé. Ihò yìí ni imú táńkì. Wọ́n ti dí i. Pọ́ǹpù á fa epo títí, títí, agbára ẹ̀ á pin, ọkọ̀ á kú. Tó bá sinmi pẹ́, atẹ́gùn díẹ̀ á yọ́ wọlé, á tún jí."

Mo dúró síbẹ̀ tí mò ń yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì. Nǹkan kan ṣì ń dà mí láàmú.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kì í kú lójú yín? Lójú Titus?"

Ó fẹ́ dáhùn. Ó wo kẹ́ẹ̀gì. Èmi náà wo kẹ́ẹ̀gì.

"Epo tẹ́ẹ̀sì," mo ní.

"Epo tẹ́ẹ̀sì!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dán iṣẹ́ wò, wọ́n á ṣí táńkì, táńkì á mí, ọkọ̀ á dára, oníkálukú á gba ọpẹ́ lọ sílé. "Titus ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Alfa?"

"Èmi náà ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ."

Ó yọ rọ́bà, ó fi abẹ́rẹ́ wa àbẹ́là kúrò nínú ihò. A wa ọkọ̀ dé ìlú, a wà á padà, ó lé ní wákàtí kan. Kò wúkọ́ rárá.

Ó yẹ kí inú mi máa dùn bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ tó gé rọ́bà náà. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan wọ ọgbà wa, ó fa epo inú ọkọ̀ lọ. Ó dun bàbá mi ju bí ìgbà tí wọ́n bá wọnú ilé lọ. Wọ́n lọ ra ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ ẹ, wọ́n yọ́ àbẹ́là sí ihò rẹ̀ kí òjò má bàa wọlé, kí òórùn epo má bàa máa pe olè. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n pè mí wá wò ó. "Níkẹ́, atẹ́gùn gan-an ò lè wọ ibẹ̀." Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Báwo lọmọ ṣe ń wo ojú bàbá rẹ̀, kí ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́"? Ojú wọn ò ríran tó mọ́, wọn ò lè wakọ̀ mọ́. Ìdérí yẹn ni ohun kan tó kù tí wọ́n ń ṣe láti fi ṣọ́ mi.

Wọ́n wà lórí àga ní iwájú ilé.

"Ṣé wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe é?"

"Wọ́n ti rí i, Dádì."

"Kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ epo ni, sà."

"Mo ní bẹ́ẹ̀!" Wọ́n lu itan. "Epo ojú títì! Omi ni wọ́n ń tà fún yín!"

Inú wọn dùn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú wọn, mo sì lọ tọ́jú rọ́bà náà sábẹ́ táyà tó wà nínú búùtù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá Jemimah jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, báàgì wọn lórí itan, ọwọ́ wọn mú ilẹ̀kùn ṣinṣin. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn.

"Wọ́n ti tún un ṣe?"

"Wọ́n ti tún un ṣe dáadáa, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta. A kọjá ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń kún sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì, tó máa ń sùn nínú ìpàdé tí á sì jí láti buwọ́ lùwé. Mò ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ọkọ̀ wúkọ́.

Mo rò pé etí mi ló gbọ́ ọ. Ó tún wúkọ́. Ó gbọ̀n. Mò ń tẹ epo mọ́lẹ̀, mò ń ronú pé, kò ṣeé ṣe, mo ti yọ ọ́, ọwọ́ mi ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Gbogbo iná pupa tàn. Mo darí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ohùn Jemimah jáde látẹ̀yìn. "Mọ́mì, ó máa jí. Ó máa ń jí."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ìdérí. Ó le ju ti àná lọ. Nígbà tó já, táńkì fa atẹ́gùn kíkan, mo sì rí i: rọ́bà tuntun, onílọ̀ọ́po méjì, àbẹ́là funfun sì tún wà nínú ihò. Mo dúró, mò ń wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá àlá ni mo lá lánàá.

"Kí nìyẹn?"

Màmá Jemimah ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró lẹ́yìn mi.

"Rọ́bà ni, mà. Òun ló ń pa ọkọ̀. Tí mo bá yọ ọ́, kò ní kú mọ́."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

Mo la ẹnu. Nínú ọkàn mi, mo rí bàbá mi lórí àga wọn níwájú ilé.

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo fi síbẹ̀, o sì wá ń wò ó bí ẹni tó rí òkú?"

Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì padà lọ jókòó. Mo yọ rọ́bà, mo wá nǹkan gún àbẹ́là jáde, mo ṣáná. Ọkọ̀ dìde, ó sì gbé wa dé Durumi láìkọsẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ti wọlé, Màmá Jemimah náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Màá pè ọ́."

Bàbá mi ló pàdé mi lẹ́nu géètì, aṣọ ìnukọ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé ó ṣe dáadáa?"

"Dádì, rọ́bà tó wà ní ìdérí..."

"Ẹ̀n-ẹ́n! O rí i? Àwọn mẹkáníìkì yẹn ti jí ti àkọ́kọ́! Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, mi ò bá a níbẹ̀. Mo gé òmíràn kí o tó jí. Ìyẹn tún nípọn jù ú lọ."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì sọ ohun gbogbo: ihò, táńkì, epo tẹ́ẹ̀sì, Màmá Jemimah lẹ́yìn mi lójú títì. Nígbà tí mo parí, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fi ẹ̀wù nù ún, wọ́n tún fi sójú.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Àná, sà."

"Àná tí mo béèrè lọ́wọ́ ẹ?"

"Mi ò mọ ohun tí mo lè fi sọ ọ́."

"Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́."

"Mo rò pé ó máa dùn yín."

"Ó dùn mí. Ṣé mo kú?" Wọ́n jókòó tì mí. "Kí lo sọ fún Ìyáàfin Ẹfúnróyè?"

"Mo ní èmi ni mo fi síbẹ̀."

Wọ́n fa ojú ro. Mo rí i pé ìyẹn dùn wọ́n ju ti rọ́bà lọ.

"Fún mi ní fóònù."

Wọ́n dìde dúró láti pè é, bí wọ́n ṣe máa ń dìde nígbà tí ọ̀gá bá wọlé ní ọ́fíìsì wọn àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ náà nìkan ni mo gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Abíọ́nà ni, bàbá Ọmọ́níkẹ́... Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni... Rárá, èmi ni. Èmi ni mo fi síbẹ̀, nígbà méjèèjì. Ọmọ yẹn purọ́ fún yín nítorí mi... Bẹ́ẹ̀ ni..." Wọ́n tẹ́tí pẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ orí ba. "Mo gbọ́... Ó tọ́ bẹ́ẹ̀... Lójoojúmọ́?... Ó dáa. Ẹ ṣeun, mà."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n jókòó.

"Kí ni wọ́n ní, Dádì?"

"Ó ní o ò gbọdọ̀ pẹ́ ní aago méjì."

Ọkàn mi fò. "Ṣé wọn ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Ó ní láti Mọ́ńdè, òun náà á máa bá yín wọ̀ ọ́. O máa kọ́kọ́ já òun sí ọ́fíìsì kí o tó gbé àwọn ọmọ lọ."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Mo gbìyànjú láti mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bóyá wọ́n ti fọkàn tán ọkọ̀ náà débi pé wọ́n fẹ́ máa gùn ún. Bóyá wọn ò fọkàn tán mi mọ́, tí wọ́n fi fẹ́ jókòó tì mí láràárọ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ mi.

"Dádì, ṣé wọ́n gbà mí gbọ́ ni, àbí wọn ò gbà mí gbọ́?"

"Mi ò béèrè."

"Wọ́n ti mọ̀ pé mo purọ́. Wọ́n á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti Kubwa dé ìlú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wo ojú wọn?"

Bàbá mi mú aṣọ ìnukọ̀ wọn, wọ́n gbọ̀n ọ́n.

"Títì ni kí o máa wò."